Póìntì káàdì àbúrò mi ní Kánádà: ṣé ó lè gbé ìyá wa ní bísínẹ́ẹ̀sì láti Kútọnu?

Ọmọ_Ìdènà (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Montréal, oyún inú rẹ̀ ti gbó, ìyá wa tó wà ní Kétu ló sì máa lọ bá a wẹ ọmọ. Físà Kánádà ti jáde, ọpẹ́ ni fún Elédùmarè. Orúnkún màmá ló kù. Bí wọ́n bá wọ tásì láti Kétu wá sọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́, tí ọkọ̀ dúró, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi gbà láti tẹ ilẹ̀. Kétu sí Àjàṣẹ́ lásán nìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe máa jókòó dé Kánádà?

Àbúrò mi ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní póìntì 110,000, ìyẹn ẹ̀bùn tí káàdì máa ń fúnni bí èèyàn bá fi rajà, wà lórí káàdì American Express òun, bísínẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àga ńlá olówó gọbọi, lòun máa fi gbé màmá. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi póìntì ra àga nínú bàálù. Káàdì tó wà lọ́wọ́ tèmi, owó tí mo bá fi sí báńkì náà ló ń fà, kò sí póìntì kankan lára rẹ̀. MoMo ni mo sì fi ń ra ohun tó pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé 110,000 yẹn tó? Ọ̀nà ibo ló dáa kí wọ́n gbà?

Ọ̀tútù_Ò_Pa_Mí (Montréal, ọmọ Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire físà o, ìyẹn gan-an ló le jù. Káàdì tí àbúrò yín ní wà lọ́wọ́ èmi náà.

Póìntì American Express fúnra rẹ̀ kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní láti gbé e lọ sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ bàálù kan kó tó lè fi ra àga, ibi tó bá sì gbé e lọ ló máa sọ iye tó máa dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ Aeroplan, ìyẹn ti Air Canada, 110,000 á wọlé pé pérépéré. Tó bá jẹ́ Flying Blue ti Air France àti KLM, 1,000 á di 750, torí náà 82,500 ló máa kù. American Express ti Kánádà ni mò ń sọ o. Ní Amẹ́ríkà, 1,000 máa ń wọ Flying Blue gẹ́gẹ́ bíi 1,000, ìdí nìyẹn tí ohun tí àwọn ará New York ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń ṣi àwa ará ibí lọ́nà.

Lọ́dọ̀ Aeroplan, iye máìlì tí bàálù bá fò ni wọ́n fi ń díye lé e. Yúróòpù àti Áfíríkà, agbègbè kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Ipele ibẹ̀ ni: kò ju 4,000 lọ, 4,000 sí 6,000, 6,000 sí 8,000, àti ohun tó bá kọjá 8,000. Kútọnu sí Brussels sí Montréal ń lọ bíi 6,500. Kútọnu sí Istanbul sí Montréal ń lọ bíi 7,700, bí bàálù bá lọ tààrà tí kò yà sí Abidjan. Ipele kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá ní Addis Ababa lòun fẹ́ gbà dé Toronto, máìlì rẹ̀ ti kọjá 9,000: á pẹ́ lójú ọ̀nà, á tún san póìntì jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Ní ipele 6,000 sí 8,000 yẹn, bísínẹ́ẹ̀sì ju póìntì 80,000 lọ fún àlọ nìkan. Àlọ nìkan, ẹ̀gbọ́n! 110,000 kò lè kó àlọ àti àbọ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé Aeroplan kì í gba owó epo tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń lẹ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Owó orí pápákọ̀ ló kù, àti dọ́là Kánádà 39 tí wọ́n ń gbà bí bàálù alájọṣe, ìyẹn ilé-iṣẹ́ mìíì tó ń bá Air Canada ṣe pọ̀, bá wà nínú ìrìn-àjò náà.

Ẹ bá mi sọ fún un kó má tíì gbé póìntì kankan o. Èyí tó bá ti kúrò ní American Express kì í padà síbẹ̀ mọ́. Kó rí àga ná.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú làákàyè. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ka gbogbo ìṣirò yẹn tán, ó yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ẹni tó ń sanwó àga náà. Báńkì kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní kí o máa rajà kí òun lè fi bàálù gbé ìyá rẹ, ibi kan wà tó ti ń gba tirẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ mi kejì: orúnkún ni màmá ń ráhùn, kì í ṣe wáìnì ni wọ́n fẹ́ mu. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ẹni tí kò lè rìn wà ní pápákọ̀ òfúrufú, ọ̀fẹ́ ni, ibi yòówù kí èèyàn jókòó sí. Ní Yúróòpù, òfin wà fún un, nọ́ńbà rẹ̀ ni 1107/2006, wọn ò gbọdọ̀ gba sẹ́fà kan lọ́wọ́ rẹ. Ẹ sọ fún wọn ní ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ẹ gba àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún màmá kí wọ́n lè máa dìde rìn. Kí ọmọ náà fi póìntì rẹ̀ ra ohun tí ìkókó máa lò.

Ọ̀tútù_Ò_Pa_Mí (Montréal)

Bàbá, ẹ ṣeun. Oníṣọ́ọ̀bù ló ń sanwó. Tí mo bá fi káàdì ra ọjà dọ́là 100, gbogbo 100 náà kọ́ ló ń dé ọwọ́ ẹni tó tà á. Wọ́n á ti yọ nǹkan bíi dọ́là kan àbọ̀ sí méjì, báńkì tó fún mi ní káàdì ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra póìntì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù. Oníṣọ́ọ̀bù kò sì ní jẹ gbèsè náà mọ́ra, á fi lé orí ọjà. Torí náà, ìyá arúgbó tó fi owó ọwọ́ ra mílíìkì ń bá mi san díẹ̀ nínú tíkẹ́ẹ̀tì mi. Kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹlòmíì tó ń sanwó ni ẹni tó jẹ gbèsè káàdì tí kò lè san tán lóṣù. Èlé ibí máa ń tó 20% lọ́dún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ipò yẹn, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ póìntì pátápátá.

Ọjà ojoojúmọ́ kọ́ ló sì ń kó póìntì rẹpẹtẹ jọ. Ẹ̀bùn ìkíni-káàbọ̀ ni: wọ́n á ní bí o bá gba káàdì tuntun, tí o ná iye báyìí láàárín oṣù 3, àwọn á fún ọ ní ọ̀kẹ́ àìmọye lẹ́ẹ̀kan náà.

Ará_Saint-Denis (Paris)

Ẹ̀yin ará Kánádà ń gbádùn. Láti December 2015 ni òfin Yúróòpù ti dí báńkì lọ́wọ́: 0.2% ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù lórí káàdì tó ń fa owó tààrà, 0.3% lórí káàdì kírẹ́díìtì. Níbo ni báńkì tèmi ti fẹ́ rí owó póìntì fún mi? Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́, inú yín á dùn sí ìyẹn.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Inú mi dùn gan-an.

Ìyá_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa máìlì o, tòmátì ni mò ń tà lọ́jà Wàǹdó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó jọ pé póìntì yìí àti tòmátì, ìkan náà ni: ẹni tó bá ń tọ́jú ẹ de ọjọ́ ọ̀la, omi ló máa bá nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ń bàjẹ́ àbí kì í bàjẹ́?

Ẹrù ńkọ́? Màmá ò lè lọ wẹ ọmọ lọ́wọ́ òfìfo. Gàrí wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀, ọṣẹ dúdú, òrí, ewé àgbo. Kílò mélòó ni bísínẹ́ẹ̀sì yẹn máa gbé?

Ọ̀tútù_Ò_Pa_Mí (Montréal)

Ìyá, ẹ ti sọ ọ́ tán. Tó bá wà lórí American Express, kì í bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn kò bá ti káàdì náà pa. Tó bá ti dé Aeroplan, oṣù 18 láìsí ìlò kankan, ó lọ nìyẹn. Flying Blue, oṣù 24. Èyí tí ń dunni jù ni pé kò ní bàjẹ́, iye rẹ̀ lá kàn máa wálẹ̀. Bísínẹ́ẹ̀sì tó kéré jù láti Àríwá Amẹ́ríkà sí Yúróòpù lọ́dọ̀ Flying Blue, 50,000 ni tẹ́lẹ̀. Ní 2025 wọ́n sọ ọ́ di 60,000. Kò sẹ́ni tí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má fi póìntì ṣe ogún ọmọ.

Ẹrù 2 ló sábà máa ń jẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì, kílò 32 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gàrí àti èlùbọ́, kí màmá sọ ọ́ jáde fún àwọn aṣọ́bodè nígbà tí wọ́n bá dé Kánádà. Ewé tútù àti ẹran, ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Alábòójútó

Mo yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan kúrò níbí. Ó ní òun ń ta bísínẹ́ẹ̀sì Kútọnu sí Montréal ní ìdajì owó, kí ẹ san án sórí MoMo kí òun fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Bó bá kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ fi tó mi létí.

Àǹtí_Tíkẹ́ẹ̀tì (Kútọnu)

Alábòójútó, ẹ ṣeun tí ẹ tètè rí i. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ní Kútọnu níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú wọn ṣe ń ṣe é, torí ó máa padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíì.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń tà kì í ṣe ayédèrú lójú. Yóò fún ọ ní nọ́ńbà, wàá tẹ̀ ẹ́ sórí ojú-òpó ilé-iṣẹ́ bàálù náà, orúkọ rẹ á jáde. Ibi tó ti rí póìntì tó fi rà á ni ìṣòro wà. Bóyá ó jí i nínú àkáǹtì ẹlòmíì, bóyá ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta tirẹ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ bàálù ló ka títa póìntì léèwọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, wọ́n á fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà láìbi ọ́. Mo ti rí ìdílé kan tí wọ́n wọ aṣọ àǹkárá kan náà wá sí pápákọ̀ òfúrufú Cadjèhoun, tí ẹrù wọn ti wà lórí ìwọ̀n, kí òṣìṣẹ́ tó sọ fún wọn pé àga wọn kò sí mọ́. Ẹni tó ta á kò gbé fóònù.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí yín, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì gangan ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe lẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n fi ń wá ìrìn-àjò lórí ẹ̀rọ nìkan. Ó máa ń ní ẹyọ nọ́ńbà 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń sọ ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde: 014 ni Air Canada, 057 Air France, 082 Brussels Airlines, 235 Turkish, 071 Ethiopian, 147 Royal Air Maroc. Lẹ́tà mẹ́fà láìsí nọ́ńbà 13 lè jẹ́ àga tí wọ́n kàn dì mú tí ẹnikẹ́ni kò tíì sanwó rẹ̀. Àbúrò Ọmọ_Ìdènà lè fi póìntì ara rẹ̀ ra àga fún ìyá rẹ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Títa ló jẹ́ èèwọ̀.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ṣé àwa tó wà nílé náà lè kó máìlì, ìyẹn póìntì ilé-iṣẹ́ bàálù, jọ. A lè kó o jọ, nípa wíwọ bàálù. Lọ́dọ̀ Flying Blue, máìlì 4 lórí yúróò kan ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń gbà. Yúróò 1,000 jẹ́ sẹ́fà 655,957. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì iye yẹn, 4,000 kò ní pé lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọn kì í ka owó orí ìjọba mọ́ ọn. Ẹ fi wé 60,000 tí Ọ̀tútù sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé oníṣòwò tó ń lọ Guangzhou lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún ló lè rí nǹkan gidi níbẹ̀. Àwa yòókù, ẹ jẹ́ ká máa fi orúkọ sílẹ̀ ná, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ_Ìdènà (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí ẹni tí ẹ yọ yẹn ti kọ̀wé sí mi kí ẹ tó yọ ọ́.

Tó bá wá jẹ́ ìrìn kan ṣoṣo ni póìntì náà tó, èwo ni ká fi í ṣe? Mo ń rò ó pé kí wọ́n fowó ra àlọ ní ìkọ́nọ́mì, ìyẹn àga olówó kékeré, kí wọ́n fi póìntì ra àbọ̀. Ìgbà tí màmá bá ń bọ̀ ni wọ́n máa rẹ̀ jù.

Àǹtí_Tíkẹ́ẹ̀tì (Kútọnu)

Ẹ má ṣe ìyẹn kí ẹ tó wo iye rẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀nà jíjìn báyìí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń ta àlọ nìkan ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlọ àti àbọ̀, nígbà míì ó tún máa ń jù ú lọ. Ẹ lè san owó ìkọ́nọ́mì méjì kí ẹ jókòó sí ẹyọ kan. Póìntì kò ní àrùn yẹn: àlọ jẹ́ ìdajì, àbọ̀ jẹ́ ìdajì. Torí náà, àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú póìntì, tàbí àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú owó. Ààbọ̀-ààbọ̀ ló máa ń jẹ owó.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Láti Kútọnu lọ sí Yúróòpù, òru ni púpọ̀ nínú àwọn bàálù ń gbéra. Ibẹ̀ ni ibùsùn ti wúlò. Láti Yúróòpù dé Montréal, ọ̀sán ni. Tí wọ́n bá ń bọ̀, ó yí padà: Montréal sí Yúróòpù ni òru, Yúróòpù sí Kútọnu ni ọ̀sán.

Gbogbo bísínẹ́ẹ̀sì kọ́ ló sì ní ibùsùn o. Royal Air Maroc ń gbé èèyàn láti Kútọnu lọ sí Casablanca, láti ibẹ̀ lọ sí Montréal, àwọn ará wa fẹ́ràn rẹ̀. Casablanca sí Montréal, ọkọ̀ ńlá ni, àga ibẹ̀ ń di ibùsùn. Ṣùgbọ́n Kútọnu sí Casablanca, Boeing 737, bàálù tó kéré sí i, ló sábà máa ń jẹ́: àga fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa wo irú bàálù kí ẹ tó dunnú.

Ìyá_Ìkókó_Lọ́la (Montréal)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè pè mí lórí fóònù kí ẹ tó gbé oyún mi jáde síta gbangba? Ẹ ṣeun ná.

Ọkọ mi ní Aeroplan 75,000 tó ti kó jọ láti ibi iṣẹ́. Ṣé a lè dà á pọ̀ mọ́ tèmi?

Ọ̀tútù_Ò_Pa_Mí (Montréal)

Ẹ lè ṣe é, àbúrò. Aeroplan ń jẹ́ kí ìdílé kó póìntì wọn jọ, ó lè tó ẹni 8. 110,000 àti 75,000 jẹ́ 185,000. Bí o bá rí àga ní iye tó kéré jù lálọ àti lábọ̀, ó yẹ kó tó. Mo ní "bí o bá rí" o. Air Canada ń yí iye bàálù ti ara rẹ̀ padà lójoojúmọ́, ti alájọṣe bíi Brussels Airlines kì í lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀. Ìrìn tí bàálù Air Canada bá wà nínú rẹ̀ lè ju bó ṣe yẹ lọ. Máa wo ọjọ́ tó yàtọ̀ síra.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀. Jẹ́ kí n bá ọ ṣe ìṣirò kan. Àwọn tó ń polówó nǹkan yìí máa ń sọ pé: tíkẹ́ẹ̀tì bísínẹ́ẹ̀sì ì bá jẹ́ dọ́là 8,000, o fi 170,000 rà á, póìntì kan ti di sẹ́ǹtì mẹ́rin àti ààbọ̀ lé díẹ̀, o ti jèrè! Dọ́là 8,000 tí o kò ní san láéláé, èrè wo ló wà níbẹ̀? Ohun tí o máa san ni ìkọ́nọ́mì. Ká ní ó jẹ́ dọ́là 2,000. Pín in sí 170,000: póìntì rẹ kan kò ju sẹ́ǹtì kan lé díẹ̀ lọ. Ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú àpò rẹ gan-an nìyẹn.

Ìyá_Ìkókó_Lọ́la (Montréal)

Bàbá, ìṣirò yín pé, n kò lè jà á. Ṣùgbọ́n màmá mi tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn wú, ta ló máa wẹ ọmọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn? Èmi ni mo máa máa tọ́jú èèyàn méjì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà náà ní láti lè dìde lórí àga.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

O ti mú mi. Rà á.

Ìyá_Ìkókó_Lọ́la (Montréal)

Mo ti rí nǹkan! Kútọnu sí Brussels sí Montréal, ó kọ "bísínẹ́ẹ̀sì" sórí rẹ̀ gàdàgbà, iye rẹ̀ sì dáa. Àmì kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ní 53%. Kí ni ìyẹn? Ṣé kí n gbé póìntì lọ báyìí?

Ọ̀tútù_Ò_Pa_Mí (Montréal)

DÚRÓ. Má gbé e. 53% yẹn túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà nìkan ni màmá máa wà ní bísínẹ́ẹ̀sì. Brussels sí Montréal ló jẹ́ 53% nínú gbogbo máìlì náà. Kútọnu sí Brussels, ìkọ́nọ́mì ni wọ́n fi wọ́n sí. Òru tí Àǹtí ń sọ gan-an ni wọ́n fẹ́ kí màmá fi jókòó gbọnrangandan.

Àǹtí_Tíkẹ́ẹ̀tì (Kútọnu)

Kó tiẹ̀ jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ìbá sàn díẹ̀.

Ará_Saint-Denis (Paris)

Àbúrò, bí o ṣe ń wò ó, fi èyí sọ́kàn. Òfin Yúróòpù 261/2004 dáàbò bo ẹni tó bá wọ bàálù ilé-iṣẹ́ Yúróòpù láti Kútọnu lọ sí Yúróòpù, ó sì ká tíkẹ́ẹ̀tì póìntì náà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fagi lé e láìsọ tẹ́lẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tàbí nǹkan tó ju agbára wọn lọ, owó rẹ̀ lè tó yúróò 600, sẹ́fà tó lé ní 393,000. Turkish láti Kútọnu kò sí nínú rẹ̀, torí wọn kì í ṣe ilé-iṣẹ́ Yúróòpù. Bí iye àga méjèèjì bá dọ́gba, Brussels ni èmi máa mú.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kí màmá sùn ọjọ́ méjì ní Brussels. Òótọ́ ni pé Aeroplan ń fi 5,000 péré gba irú ìdúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Benin, màmá ò lè jáde ní pápákọ̀ láìní físà Schengen.

Ìyá_Ìkókó_Lọ́la (Montréal)

Mo rí òmíràn lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, 100% ni, Brussels náà ni. Àbọ̀ ń kọ́? Ìyẹn jìnnà, oṣù mẹ́fà, n kò tíì rí i.

Ọ̀tútù_Ò_Pa_Mí (Montréal)

Wo àga kan náà lórí ojú-òpó United, ilé-iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà, torí ẹgbẹ́ Star Alliance kan náà ni wọ́n. Bí àga Brussels Airlines yẹn bá hàn níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àga gidi. Aeroplan máa ń fi àga hàn nígbà míì tí kò sí, wàá tẹ̀ ẹ́ dé ìparí kó tó sọ pé kò ṣeé ṣe, nígbà yẹn póìntì rẹ ti lọ. Bí o bá ṣì ń ṣiyèméjì, pe Aeroplan, jẹ́ kí èèyàn bá ọ wò ó lójú ẹ̀rọ tirẹ̀.

Àbọ̀, ra á lọ́tọ̀ nígbà tó bá jáde. Wọ́n ń ṣí àga sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 11 ṣáájú, ṣùgbọ́n ti alájọṣe kì í jáde lẹ́ẹ̀kan. Máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé aṣọ́bodè máa ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò? Ó lè béèrè. Torí náà má fi í pẹ́ jù.

Ìyá_Ìkókó_Lọ́la (Montréal)

Ó hàn lórí United. Mo pè, wọ́n rí i. Mo ti gbé póìntì, ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá ń béèrè orúkọ màmá: orúkọ ìdílé níbí, orúkọ tiwọn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú pásípọ́ọ̀tù? Orúkọ bàbá ni wọ́n fi ṣáájú àbí ti Faransé?

Àǹtí_Tíkẹ́ẹ̀tì (Kútọnu)

Ẹ má fojú inú wò ó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé tí fọ́tò wà, ìlà méjì tí àmì <<< pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn lẹ́tà BEN, ohun tó bá wà ṣáájú << àkọ́kọ́ ni orúkọ ìdílé, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ara wọn. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì ohùn.

Ọmọ_Ìdènà (Àjàṣẹ́)

Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, mo ti fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Orúkọ bàbá ló ṣáájú.

Ìyá_Ìkókó_Lọ́la (Montréal)

Mo ti rà á! 014 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà, Àǹtí.

Àǹtí_Tíkẹ́ẹ̀tì (Kútọnu)

Ẹ kú oríire. Kò tíì tán. Air Canada ló tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Brussels Airlines ló máa gbé màmá láti Kútọnu, lẹ́tà mẹ́fà tiwọn yàtọ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Aeroplan, kí ẹ wá pe Brussels fún kẹ̀kẹ́ àti àga tí màmá máa jókòó sí. Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́ ti sọ ọ́: kó tó ku wákàtí 48.

Ọmọ_Ìdènà (Àjàṣẹ́)

Ta ló máa pè wọ́n báyìí, èmi ni àbí ìwọ?

Ìyá_Ìkókó_Lọ́la (Montréal)

Ẹ̀yin ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ni ọ́fíìsì wọn wà nítòsí yín.